Fídíò dróònù àkọ́kọ́ tí mo fi gbowó: bí léèsì funfun ṣe di ẹfun mọ́ mi lọ́wọ́ ní Kétu

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ṣì jẹ mí ní 40,000 fránkì. 80,000 la jọ dá. Ó san ìdajì sílẹ̀, ó ní ìdajì tó kù di ọjọ́ tí mo bá gbé fídíò wá. Mo gbé e wá. Ó wò ó títí ó fi parí, kò wí nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í ló la ẹnu, jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́: "Ọmọ mi, ṣé ẹfun lo fi kùn wá ni?"

Òkú bàbá wọn ni wọ́n ṣe, nínú oṣù kejì ọdún yìí, ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Gbogbo ẹbí ló wọ léèsì funfun. Kútọnu ni wọ́n ti lọ rà á, ìyá náà ló sì yan irú rẹ̀: ewé kéékèèké tí wọ́n fi òwú funfun ṣọnà sára aṣọ funfun, tí èèyàn ò lè rí àfi tó bá sún mọ́ ọn. Ọnà yẹn ló gbówó lé e. Nínú fídíò tèmi, ẹ ò lè rí ewé, ẹ ò lè rí òwú, ẹ ò tiẹ̀ lè mọ ibi tí aṣọ ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíì fi bẹ̀rẹ̀. Orí dúdú dúdú ló ń jó lórí nǹkan funfun kan tó ń tàn yanran bí iná wẹ́dà.

Ojú tì mí. Nígbà tí ìtìjú lọ tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, nítorí owó tí mo ti ná sórí dróònù yìí kọjá èyí tí mo lè sọ fún ìyàwó mi, ẹni tó sì tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó le níbẹ̀, pé ó mọ gbogbo nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, títí kan bíbà á jẹ́.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń fi bátìrì sí iná, tàbí bí wọ́n ṣe ń de abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn, tàbí bí wọ́n ṣe ń gbé e gòkè. Kò sí ẹni tó ra dróònù tí kò ní mọ ìyẹn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹ lọ gbà á kí ẹ tó fò, ó tán. Kámẹ́rà ni wàhálà mi. Èmi rò pé bí dróònù bá ti lè dúró sójú kan lófuurufú láìmì, fídíò ti dára nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bi mí ní ọ̀rọ̀ ẹfun yẹn, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ti fèrèsé, mo wo gbogbo ohun tí mo yà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Àìsàn mẹ́ta ni mo bá lára rẹ̀. Gbogbo ohun funfun ti jóná, ìyẹn la ti mọ̀. Àwọ̀ náà tún ń yí láàárín ìran kan ṣoṣo: bí dróònù bá kọjú sí ọ̀nà alámọ̀ pupa, gbogbo ayé á rí bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, bó bá yí sí ìdí àwọn igi máńgòrò, gbogbo rẹ̀ á pọ́n. Ìkẹta ló wá yọ mí lẹ́nu jù: àwọn tó ń jó ń já gìjà-gìjà bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ijó àgbà, ijó pẹ̀lẹ́ tí èmi fúnra mi fojú rí lọ́jọ́ náà, kò sí nínú fídíò.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi jíjóná bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló kó 40,000 mi lọ. Aago méjì ọ̀sán ni. Mo dúró sí gbangba àgbàlá, oòrùn wà ní àtàrí mi gangan, fóònù wà nínú ẹ̀rọ tí mo fi ń darí dróònù. Ẹ mọ ohun tí mò ń rí nínú fóònù? Imú mi. Imú mi àti fìlà mi, tí àwòrán ijó wá wà lábẹ́ wọn bí ohun tó wà nísàlẹ̀ kànga. Mo ní háà, èyí ṣókùnkùn jù. Ibì kan wà lórí app tí wọ́n ti ń fi kún ìmọ́lẹ̀, wọ́n kọ EV síbẹ̀. Mo gbé e sí +1. Ó ṣì ṣókùnkùn lójú mi. Mo gbé e dé +2, mo wá rí ijó díẹ̀, inú mi dùn, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé +1 ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, +2 ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi da ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin lé léèsì funfun lórí, nínú oòrùn oṣù kejì. Fóònù ló ṣókùnkùn o, àwòrán ò ṣókùnkùn.

Ohun tó bá sì ti jóná nínú fídíò kì í padà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wá a lórí kọ̀ǹpútà, mò ń fa ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, mò ń fà á sílẹ̀. Funfun náà ò padà di aṣọ, eérú ló dà. Ti òkùnkùn sàn jù ú lọ: bí àwòrán bá ṣú díẹ̀, ẹ lè gbé e sókè nílé, ẹ óò bá nǹkan níbẹ̀. Èyí tó funfun tán, kámẹ́rà ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀ rárá, kí lẹ fẹ́ gbé sókè?

Oògùn rẹ̀ ò ná mi ju páálí mílíìkì kan lọ. Mo gé e, mo fi aṣọ dúdú bò ó, mo sọ ọ́ di ahéré kékeré fún fóònù kí oòrùn má bàa dé ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ń tọ́jú ẹyẹ. Mo gbé ìmọ́lẹ̀ fóònù fúnra rẹ̀ dé òkè pátápátá. Mo sì jáwọ́ nínú fífi ojú lásán ṣèdájọ́. App náà ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní histogram, àwòrán kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, tí mo ti ń rí láti ọjọ́ tí mo ra dróònù, tí mo rò pé ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ó rí bí àwọn òkè Ìdáàṣà tí èèyàn ń wò láti inú mọ́tò. Apá òsì ni òkùnkùn, apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀. Bí òkè náà bá ti lọ gun ògiri apá ọ̀tún, nǹkan kan ti ń jóná níbì kan. Ìlà abilà tún wà tó máa ń bo ibi tó bá ti mọ́lẹ̀ jù lórí àwòrán. Mo tan méjèèjì, mi ò sì tíì pa wọ́n láti ìgbà náà. Níbi tí aṣọ funfun tàbí páànù tuntun bá wà, -0.7 ni mo máa ń fi EV sí. Ojú àwọn èèyàn á ṣú díẹ̀, mo mọ̀. Màá gbé ojú wọn sókè nílé. Aṣọ ni mi ò lè dá padà.

Ti àwọ̀ tó ń yí, ìṣẹ́jú kan ni mo fi tún un ṣe, ó sì tún bí mi nínú pé ìṣẹ́jú kan péré ni. White balance, èyí tí app olédè Faransé tèmi ń pè ní balance des blancs, ni ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà fún kámẹ́rà kí funfun lè jẹ́ funfun. Mo yọ ọ́ kúrò ní auto, níbi tí dróònù ti ń yàn án fúnra rẹ̀, mo gbé e sí 5500K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), mo fi í síbẹ̀. Bí kùrukùru bá bo oòrùn, mo máa ń gbé e lọ sí 6500. Kò sí ohun míì níbẹ̀.

Irú àwọ̀ náà, Normal ni mo fi sílẹ̀. D-Log tí wọ́n ń pariwo káàkiri yẹn máa ń mú àwòrán wá ní ràndànràndàn bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tún un sè lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n sè, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

4K ni mo ń yà, ìyẹn fídíò tó mọ́ kedere, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kan á ní kí ni 25 ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí 30 wà. Iná wa ló fà á. 50 Hz ni iná Benin, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lálẹ́ àìsùn òkú náà, mo gbé dróònù gòkè díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, 30 ni mo fi yà á, shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí, sì wà ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá. Gbogbo gílóòbù tí wọ́n so yí agbo ká ń ṣẹ́jú nínú fídíò bí ẹni pé iná fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ lójú ara mi iná ò mì. Àfìgbà tí mo gbé e sí 25 àti 1/50 ni wọ́n tó fara balẹ̀. Káàdì tí fídíò ń wọ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ V30 sí lára, àmì pé ó yára gba fídíò sílẹ̀. Dróònù tèmi ń kọ 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi 750 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú kan (bíìtì mẹ́jọ ló ń jẹ́ báìtì kan), káàdì tó bá lọ́ra á sì já yín kulẹ̀ níbi tí ìlù bá ti dùn jù.

Ó wá ku jíjá gìjà-gìjà. Èyí ló jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi. Ohun tó sì kó ọ̀ràn bá mi ni pé mo ti lọ bá ìyá yẹn, mo ti dọ̀bálẹ̀, mo ti ní nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ogójì ọjọ́ bàbá, tí wọ́n á tún wọ léèsì kan náà, màá wá ya gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ó dáa. Ọjọ́ ti wà nílẹ̀, n ò lè sún un.

Kámẹ́rà máa ń ṣẹ́jú ni, bíi tèmi àti tìrẹ. Bó bá ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú rẹ̀ á ṣí nígbà 25. Bí ojú náà ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní shutter; obturateur lẹ máa bá níbẹ̀ bí app yín bá ń sọ Faransé. Bó bá ṣí fún 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ ẹni tó ń jó á fà díẹ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ ṣe máa ń fà lójú wa, tí wọ́n bá sì to àwọn àwòrán náà tẹ̀ léra, ijó á ṣàn. Àwọn onísinimá ti fi ṣòfin tipẹ́ pé kí ẹ sọ iye àwòrán di ìlọ́po méjì: 25, ẹ lo 1/50, 30, ẹ lo 1/60. Dróònù mi ò mọ òfin kankan. Lọ́jọ́ ìsìnkú, 1/800 ló ń lò. Nígbà tí mo wá dá EV padà sí òdo kí aṣọ má bàa jóná, ó sáré lọ sí 1/3200. Mo wo àìsàn kan, mo fi dá kún èkejì. Ojú kámẹ́rà ń ṣí ó ń pa kí ìka ẹnikẹ́ni tó mì, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń dá dúró gbọnin-gbọnin bí ère, tí wọ́n bá wá tò wọ́n, adìyẹ dé.

Mo ní kò burú. Mo gbé shutter sí 1/50 tipátipá. Fóònù di funfun báláú, bíi pé wọ́n na aṣọ bò ó. Mo wá ISO lọ, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ àwòrán sókè tó, ó ti wà ní 100, kò sí ìsàlẹ̀ mọ́. Mo wá ìhò kámẹ́rà lọ, f/2.8 ni, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà, kò dà bíi ti kámẹ́rà ńlá tí èèyàn lè fún ìhò rẹ̀ pọ̀ bó bá wù ú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí n wọ jígí oòrùn fún un. Ohun tí wọ́n ń pè ní ND nìyẹn, jígí dúdú kékeré tí wọ́n ń fi bo ojú kámẹ́rà.

Mo ra ND8 ní 12,000. Ẹni tó tà á ní òun ni gbogbo ayé ń lò. Ó lè jẹ́ gbogbo ayé níbi tí oòrùn kì í ti í ràn. ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ wọlé, ND16 ìdá kan nínú 16, ND64 ìdá kan nínú 64. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kù: ẹ wo iye tí dróònù mú ní auto láìsí jígí, ẹ fi nọ́ńbà jígí pín in. 3200, fi 8 pín in, 400. Kò tíì dé ibì kan. 3200, fi 64 pín in, 50 géérégé. Ká ní ẹnì kan ti sọ gbólóhùn yìí fún mi ṣáájú, 12,000 yẹn ì bá ṣì wà lápò mi. Wákàtí mélòó ni mo ti fi wo fídíò àwọn ọ̀dọ́ Faransé? Gbogbo wọn á ṣí àpótí jígí mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n á ní "ó dá lórí ìmọ́lẹ̀", wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á kọjá lọ.

Kò sí ẹni tó ń ta ND64 ní Kétu. Mo pe oníṣòwò kan ní Kútọnu, mo sọ orúkọ dróònù mi fún un létí, mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́, mo fi 15,000 ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó fi ẹrù sọ́wọ́ onítasí. Mo lọ dúró ní ibùdókọ̀ láti aago mẹ́rin, ọkọ̀ wọlé ní aago méje ààbọ̀, mo san 1,000 fún dírẹ́bà, mo sáré délé, mo tú u. Jígí náà jọ ti dróònù mi bí Táyé ṣe jọ Kẹ́hìndé. Mo gbé e lé ojú kámẹ́rà, kò wọlé. Mo fi àtàǹpàkò tì í. Ó wọlé díẹ̀, kò dún. Mo ní ó ti wọlé náà nìyẹn, mo tan dróònù.

Ṣé ẹ ti rí alágẹmọ tó fẹ́ sọdá ọ̀nà rí? Bí orí kámẹ́rà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó sún síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó gbé ojú sókè, ó ń gbọ̀n, ó tún tẹrí ba. App bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà pupa, ó ní mọ́tò orí kámẹ́rà ń gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Mo pa á kíákíá. Ọwọ́ mi tutù. Ká ní orí yẹn bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti iṣẹ́ yìí ti pínyà. Mo yẹ ẹ̀yìn páálí wò lábẹ́ iná, mo rí i pé ti àbúrò dróònù mi ni wọ́n fi ránṣẹ́, èyí tí orúkọ wọn fi lẹ́tà kan yàtọ̀.

Mo pe oníṣòwò. "Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni wọ́n." Mo ní kì í ṣe ọ̀kan náà. "Ẹ rọra tì í." Mo ní mo ti tì í. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ padà, kí n san owó ọkọ̀. Mo san án. Láti ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ó di ọjọ́ keje. Nígbà tó gbé e, Lómé ló wà, ó ní òun á bójú tó o bí òun bá dé.

Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan ní dípò tí mo fi ń jókòó kanrí, kí n lọ fò ó lókè Àkábà Ìdènà, kí n fi ND8 tí mo ní kọ́ṣẹ́. Mi ò gbà. Ẹnubodè àtijọ́ tó ń ṣọ́ Kétu kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ shutter, ẹni tó bá sì fẹ́ débẹ̀ ní àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ rí. Ẹjọ́ ẹfun tó wà lọ́rùn mi ti tó.

Jígí kejì dé. Èyí dún kàn! nígbà tí mo tì í. Orí kámẹ́rà dúró ṣinṣin. Mo gbé dróònù lọ sí pápá kan lọ́nà Ìlárá, ní aago kan ọ̀sán, oòrùn ń jó. ISO 100, 25, shutter 1/50. Histogram jókòó sí àárín bí ọba. Ọmọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú ọ̀nà, mo tẹ̀ lé e láti ẹ̀gbẹ́ ní ìrọra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, eruku ń dìde, koríko ń ṣàn sẹ́yìn bí omi. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù láti inú pápá, mo ní mo ti rí i. Ó ní kí ni mo rí. N ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé shutter fún un, mo ní màá wálé.

Nílé ni mo ti rí ojú ọ̀run. Bí dróònù bá ń yí, apá kan ojú ọ̀run máa ń ṣú bí ojú ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀ṣẹ́ lu èèyàn, apá kejì á funfun. Bó bá ṣe ń yí lọ, ojú ọgbẹ́ náà ń rìn kiri òfuurufú. Mo ní white balance ni. Mo tún un tò, ó tún ṣe é. Mo ní káàdì ni, mo pààrọ̀ káàdì. Mo nu ojú kámẹ́rà, mo nu jígí, mo ní bóyá èéfín oko ni. Ọjọ́ méjì lọ báyìí. Ọjọ́ kẹta, ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé ìwé girama gbé jígí náà, ó bi mí pé: "Bàbá, kí ni PL?" Lẹ́tà méjì náà kò ju orí èèrà lọ, ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà: ND64/PL.

PL kì í ṣe nǹkan burúkú. Ó máa ń pa dídán orí omi àti orí ewé, fọ́tò á sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí oòrùn bá wà sí i ló fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí dróònù bá ti ń yí, agbára rẹ̀ ń yí, àti pé kámẹ́rà dróònù ń rí ibi tó fẹ̀ gan-an, ojú ọ̀run ò lè dọ́gba nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò odò lójú kan, kó rà á. Èmi fẹ́ ya ijó, tí mo ní láti máa yí agbo ká. Mo pe oníṣòwò mi. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ọ̀gá, èyí wọ́n ju èyí tí ẹ béèrè lọ o, oore ni mo ṣe yín." Mo fa èémí sínú. Mo ní kó fi oore náà pamọ́, kó fún mi ní ND64 lásán, kó sì fi ránṣẹ́ lónìí.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló dé. Ogójì ọjọ́ ku ọ̀la àti ọ̀tunla.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ jígí fún kámẹ́rà kí n tó tan dróònù, nítorí bí ẹ bá tàn án tán kí ẹ tó máa fọwọ́ kan orí rẹ̀, alágẹmọ lè padà wá. Ahéré páálí mi wà lórí fóònù. Mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ ní auto. Mi ò sì fò lórí èèyàn, ẹ̀gbẹ́ agbo ni mo gbà, nísàlẹ̀. Mo ti kọ́ ọ nínú pápá yẹn pé bí ẹ bá gòkè lọ jìnnà, tí ilé ń rí bí ìṣáná, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá 1/50 tàbí 1/1000 lẹ lò. Níbi tí ẹ bá ti sún mọ́ ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ àti igi ń kọjá, ibẹ̀ ni jígí ti ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí n bá ti mọ̀, n ò ní sunkún ND ní gbogbo ìgbà tí mò ń ya òrùlé láti òkè. Ẹ̀ẹ̀kan, kùrukùru bo oòrùn lójijì, histogram wọ́ lọ sí apá òsì. Mi ò fọwọ́ kan shutter, ISO ni mo gbé sí 200. Mi ò kí í fẹ́ kọjá 400, nítorí lẹ́yìn ibẹ̀ àwòrán tèmi máa ń rí bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Nígbà tí aago márùn-ún kọjá, tí oòrùn ti rẹlẹ̀, mo sọ dróònù kalẹ̀, mo bọ́ jígí, mo wò ó: 1/800. Fi 16 pín in. Mo wọ ND16 tí mo yá lọ́wọ́ ẹnì kan ní Pọ́bẹ̀, mo tún gbé e gòkè. ND8 mi, ó wà nínú àpò, kò rí iṣẹ́ kankan ṣe.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ìyá náà lọ́jọ́ Ajé. Ó jókòó sórí àga onígi níbi òjìji ilé, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ pọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ijó ń lọ. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ń jó bọ̀ nínú fídíò láti ẹnu ọ̀nà, ó ju ọwọ́ ọ̀tún, apá aṣọ rẹ̀ ṣí bí ìyẹ́ lékeléke, ó rọra pa dé.

"Dá a dúró níbẹ̀."

Mo dá a dúró. Ó na ìka, ó gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà, lé apá aṣọ náà gangan. Ewé. Ó ń tọ ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èékánná rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ṣé o rí i? Aṣọ tí mo sọ fún ẹ nìyí."

Ọmọ náà ní òun rí i, Màmá. Ó sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ó dúpẹ́, ó ní kì í ṣe pé òun gbàgbé 40,000 yẹn, kí n fún òun di ìgbà tí òun bá ta àgbàdo ọdún yìí. Mo ní kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mo gun ọ̀kadà mi dé ìta ìlú ni mo rí oko rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ti ro ó. Wọn ò tíì gbin nǹkan kan sí i.